Rọpárọsẹ̀ mú ọ̀rọ̀ lọ, ó fi orin sílẹ̀: bí iṣẹ́ ṣe pín láàrin òsì àti ọ̀tún ọpọlọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé, iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe. Rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi ní apá ọ̀tún. Ọwọ́ wọn kò gbé, ẹsẹ̀ ń wọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde mọ́ àfi "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" tí wọ́n fi ń dáhùn ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n tí a bá dá orin Ẹ̀fẹ̀ ìgbà èwe wọn, wọ́n á gbè é dópin láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ìyàwó wọn kékeré ní wọ́n ń díbọ́n ni. Ìyá kan ládùúgbò wa, apá òsì ló mú tiwọn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kì í ṣe irú ọpọlọ kan náà ni gbogbo wa ní ni? Ta ló pín iṣẹ́ fún un, ìgbà wo ló sì ti pín? Ẹ dákun, ọmọ mi kan tún wà tó ń fi ọwọ́ òsì ṣe gbogbo nǹkan. Ṣé ọpọlọ tirẹ̀ dorí kodò ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ sì kú ìfaradà. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ paná ìjà inú ilé. Bàbá kò díbọ́n. Ní 1745, ará Sweden kan tó ń jẹ́ Olof Dalin kọ ìtàn aláìsàn kan sílẹ̀ tó jọ ti bàbá yín gẹ́lẹ́. Apá ọ̀tún aláìsàn náà rọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ pátápátá, kò sì ku nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Àmọ́ tí ẹnìkan bá ti bá a dá orin ìsìn tó ti mọ̀ kí àìsàn tó dé, á kọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, ọ̀rọ̀ inú orin á sì yọ ketekete. Ẹ ka èyí sétí ìyàwó wọn.

Iṣẹ́ kinẹ́, ìyẹn títọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó rọ kí wọ́n lè padà ṣiṣẹ́, ni mo ń ṣe níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ẹ̀sùn "ó ń díbọ́n" yìí kò sì yà mí lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń fà á ni pé a rò pé ojú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wà nínú orí: tó bá wà, ó wà, tó bá lọ, ó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Awẹ́ méjì ni ọpọlọ ní, bí obì gbànja, òsì àti ọ̀tún. Àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ń dábùú ara wọn ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ kí wọ́n tó wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ọpọlọ òsì fi ń darí apá ọ̀tún ara, tí ọpọlọ ọ̀tún sì ń darí apá òsì. Tí apá ọ̀tún bàbá bá rọ, a jẹ́ pé ọpọlọ òsì wọn ni ẹ̀jẹ̀ kò dé, tàbí ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ya sí. Ọpọlọ òsì yìí náà sì ni ọ̀rọ̀ ń gbé lára ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn. Nínú 100 ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, nǹkan bí 95 ni ọ̀rọ̀ wọn wà ní òsì. Jàǹbá kan náà ló kó ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ bàbá lọ.

Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i. Marc Dax, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré Sommières ní gúúsù, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1836 pé òsì ni ọpọlọ àwọn aláìsàn òun tí ọ̀rọ̀ wọn lọ ti fara pa. Kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ tẹ ìwé náà jáde ní 1865. Kó tó dìgbà náà, ní 1861, Paul Broca ti pàdé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leborgne ní ilé ìwòsàn Bicêtre lẹ́bàá Paris. Ohun yòówù kí wọ́n bi Leborgne, "tan, tan" ni ìdáhùn rẹ̀, débi pé Tan ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Tí kò bá sì yé wọn, inú á bí i, èpè kan á sì jáde lẹ́nu rẹ̀ gbangba! Nígbà tó kú, Broca wo ọpọlọ rẹ̀, ó sì bá a pé iwájú lápá òsì ti bàjẹ́. Ní 1874 Carl Wernicke ní Jámánì fi tirẹ̀ kún un: ibì kan wà lẹ́yìn, lápá òsì náà, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fara pa níbẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ wérewère, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ní lórí, kò sì ní nídìí, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní gbọ́ tẹlòmíràn yé.

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti bàbá àti "tan" ti Leborgne, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ wo gbólóhùn kékeré kan, "mo fẹ́ omi". Ẹni tó máa sọ ọ́ ní láti wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, kó tò wọ́n, kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, kó sì darí ètè àti ahọ́n sí i, gbogbo rẹ̀ láàrin kí a ṣẹ́jú. Iṣẹ́ títò yìí ni ọpọlọ òsì ń ṣe. Orin tí bàbá ti ń gbè láti ìgbà èwe kò nílò títò mọ́. Ó ti di odidi; tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti jáde, ìyókù á tẹ̀ lé e, ọpọlọ ọ̀tún sì mọ̀ ọ́n gbé. Bẹ́ẹ̀ ni èpè rí, bẹ́ẹ̀ ni àdúrà àkọ́sórí rí, bẹ́ẹ̀ ni kíka ení, èjì, ẹ̀ta rí. Ẹ dán ìyẹn wò pẹ̀lú wọn: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kí ẹ dákẹ́ lórí ẹ̀ta.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu ìyá aládùúgbò yín tàn yín jẹ. Ọpọlọ ọ̀tún ni tiwọn fara pa sí, wàhálà ibẹ̀ kì í sì í tètè hàn sí ará ilé. Ẹ lọ wò wọ́n níbi oúnjẹ. Mo rí ìyá kan tí wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà fún. Ó jẹ apá ọ̀tún àwo náà mọ́ féfé, kò fọwọ́ kan apá òsì, ó wá ń bú ọmọ rẹ̀ pé irú oúnjẹ kékeré wo nìyí. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn yí àwo po. Ìyá rí oúnjẹ, ó ṣàdúrà fún un, ó jẹ ìdajì èyí tó kù, ó tún fi ìdajì sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fọ́ o. Apá òsì ni kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Irú wọn á ya irun lápá kan, á fi ètù pa ìdajì ojú, á sì bọ́ sí títì láìbojú wo zémì, ọ̀kadà akérò, tó ń ti òsì bọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ìyá yẹn kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n dá sọdá.

Kódà nínú ìrántí, òsì á pòórá. Ní 1978, Edoardo Bisiach àti Claudio Luzzatti ní ìlú Milan ní Ítálì ní kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ méjì fojú inú wo gbàgede kàtídírà ìlú wọn, kí wọ́n rò pé àwọn dúró sí ìkángun kan tí wọ́n kọjú sí kàtídírà náà, kí wọ́n wá máa dárúkọ ohun tí wọ́n ń rí. Ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń dárúkọ. Wọ́n tún ní kí wọ́n rò pé àwọn wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kàtídírà, kí wọ́n kẹ̀yìn sí i. Àwọn ilé tí wọ́n gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n wá ń dárúkọ báyìí, wọ́n sì gbàgbé gbogbo èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kétu, ẹ ro ó wò: kéèyàn dúró lọ́kàn rẹ̀ ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín, kó kọjú sínú ìlú, kí ìdajì ìlú má sí níbẹ̀, kó yíjú padà, kí ìdajì kejì lọ!

Nítorí náà, ọpọlọ ọ̀tún kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ fún òsì. Òun ló ń ṣọ́ àyíká, tó ń dá ojú èèyàn mọ̀, tó ń gbọ́ bóyá ẹni tó ní "ẹ káàbọ̀" ń bínú àbí inú rẹ̀ dùn. Afárá ńlá kan tó ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù fọ́nrán iṣan ló so awẹ́ méjèèjì pọ̀, tí ohun tí ọ̀kan bá mọ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ èkejì lójú ẹsẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣẹ́ abẹ gé afárá yìí fún àwọn kan tí wárápá ń bá jà gidigidi. Láti nǹkan bí 1962 ni Roger Sperry àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ Michael Gazzaniga ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tó yá, Gazzaniga fi ẹsẹ̀ adìyẹ han ọpọlọ òsì ọ̀kan nínú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ó sì fi àwòrán ilé tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ han ọpọlọ ọ̀tún. Ó ní kó mú àwòrán tó bá ohun tó rí mu. Ọwọ́ ọ̀tún mú adìyẹ, ọwọ́ òsì mú ṣọ́bìrì. Wọ́n bi í pé kí ni ṣọ́bìrì wá ṣe. Ọpọlọ òsì tó ń sọ̀rọ̀ kò rí yìnyín kankan, ṣùgbọ́n kò lọ́ tìkọ̀: ó ní ṣọ́bìrì la fi ń kó ìdọ̀tí inú ilé adìyẹ. Sperry gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Èmi ò lè ka ìtàn yẹn kí n má rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú àlàyé tí àwa náà ń ṣe fún ìwà ara wa ni kì í ṣe ṣọ́bìrì?

A ti dé ọ̀dọ̀ adìyẹ báyìí, ọ̀dọ̀ wọn gan-an sì ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà, ta ló pín iṣẹ́ àti ìgbà wo. Ó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn Broca tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé ènìyàn nìkan ló ní irú ìpín bẹ́ẹ̀: a ní ọ̀rọ̀, a ní ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ló fi wá hàn lọ́tọ̀ láàrin ẹranko. Láàrin 1970 sí 1980 ni àlàyé yẹn wó. Fernando Nottebohm gé iṣan tó ń lọ sí ibi tí ẹyẹ fi ń kọrin. Tó bá jẹ́ ti òsì ló gé, èyí tó pọ̀ jù nínú orin ẹyẹ náà á lọ; tó bá jẹ́ ti ọ̀tún, díẹ̀ ló ń lọ. Ẹyẹ lásán-làsàn!

Èyí tó wù mí jù ni ti Lesley Rogers ní Ọsirélíà. Ojú adìyẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ohun tí ojú ọ̀tún bá sì rí, ọpọlọ òsì ló ń lọ bá. Rogers fọ́n ọkà sáàrin òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì da òròmọdìyẹ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n bo ojú òsì rẹ̀, tó ń fi ojú ọ̀tún nìkan wò, kì í pẹ́ mọ ọkà yàtọ̀ sí òkúta. Èyí tó ń fi ojú òsì nìkan wò á kàn máa ṣá òkúta ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá rà bàbà lókè bí àṣá, ojú òsì ló ń tètè fura. Ẹ wo adìyẹ àgbàlá yín nígbà tí òjìji bá kọjá lórí rẹ̀. Á dá orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ojú kan wo ojú ọ̀run.

Níbo ni ìyàtọ̀ yẹn ti wá? Inú ẹyin ni. Adìyẹ ń sàba fún 21 ọjọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan tó kẹ́yìn, òròmọdìyẹ ti kún inú ẹyin, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà ká jọ: wọ́n á yí orí débi pé ojú òsì á fara ti ara wọn, ojú ọ̀tún á kọjú sí èèpo. Nígbà tí ìyá wọn bá dìde lọ jẹun, tó lọ mumi, ìmọ́lẹ̀ á gba ara èèpo wọlé, ojú ọ̀tún nìkan ni yóò sì kàn. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn ló ń sọ iṣẹ́ ojú méjèèjì di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá pa ẹyin sínú òkùnkùn títí tó fi pa, ìyàtọ̀ náà kò ní yọjú nídìí ọkà. Rogers tiẹ̀ bo ojú ọ̀tún àwọn kan, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan òsì wọn. Iṣẹ́ ojú méjèèjì sì gba ipò ara wọn.

Ní 2004, Rogers pẹ̀lú Paolo Zucca àti Giorgio Vallortigara wá bi ìbéèrè tó yẹ kí a bi: èrè wo ló wà níbẹ̀? Wọ́n da òròmọdìyẹ sórí ọkà àti òkúta, wọ́n sì ń gbé ohun tó jọ àṣá kọjá lókè orí wọn. Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ kàn nínú ẹyin ń jẹun, wọ́n sì ń ṣọ́ òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ti inú òkùnkùn wá kò rí i ṣe. Bí àṣá bá ti ń kọjá, ọkà àti òkúta á dàrú mọ́ wọn lójú. Níbi tí ọpọlọ méjèèjì bá ti ń ṣe ohun kan náà, iṣẹ́ kan ni wọ́n jọ ń lé, èkejì á bọ́. Tí ọ̀kan bá ń jẹun tí èkejì ń ṣọ́nà, ẹran náà á yó, á sì wà láàyè dọ̀la. Èyí tó bá wà láàyè dọ̀la ló ń bímọ.

Kì í ṣe adìyẹ nìkan. Ọ̀pọ̀lọ́ máa ń tètè fi ahọ́n mú kòkòrò tó bá gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ. Tí ohun tó jọ ejò bá sì ti òsì yọ sí i, ó ń yára sá ju ìgbà tó bá ti ọ̀tún yọ lọ. Ajá tó rí olówó rẹ̀ máa ń ju ìrù sí ọ̀tún. Tó bá rí ajá àjèjì tó le, ìrù á fì sí òsì. Àwọn ará Ítálì ló wọ̀n ọ́n ní 2007. A rí irú rẹ̀ lára ẹja pẹ̀lú. Nígbà tí ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, ẹyẹ àti ajá bá ní ìwà kan náà, ó ṣòro kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá a rí fúnra rẹ̀. Ohun tí Rogers, Vallortigara àti Peter MacNeilage fi gbè é lẹ́sẹ̀ ní 2009 ni pé ọwọ́ àwọn ẹranko eléegun ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn ti jogún rẹ̀, nǹkan bí 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní òsì ló gba ohun tí a ti mọ̀, ohun tó ní ìlànà, bíi ṣíṣa oúnjẹ. Ọ̀tún ló gba òjijì: ọ̀tá, àjèjì, ohun tó ń já wọlé.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí olúkúlùkù ẹran kò fi pín in bó ṣe wù ú, kí ìdajì wọn máa fi òsì ṣọ́, kí ìdajì fi ọ̀tún ṣọ́. Ìbéèrè tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Tí gbogbo òròmọdìyẹ bá ń fi ojú ọ̀tún jẹun, àṣá tó gbọ́n á mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun máa gbà. Stefano Ghirlanda àti Vallortigara fi ìṣirò wá ojútùú rẹ̀ ní 2004. Fún ẹran tó ń dá gbé, ó dọ́gba. Fún èyí tó ń gbé lágbo, bí ẹja tó ń wọ́ lọ lẹ́gbẹẹgbẹ́, ẹni tó bá yà sí ibi tí àwọn yòókù ń yà sí kò ní dá nìkan wà lẹ́nu ọ̀tá. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tó ń yà sódì náà ń jèrè, nítorí ọ̀tá kò retí wọn níbẹ̀. Nítorí náà àwọn púpọ̀ á wà, àwọn díẹ̀ á wà, kò sí èyí tó máa run èkejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn de ọ̀rọ̀ ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ ẹnu dé lẹ́yìn-ò-rẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: ọ̀rọ̀ kọ́ ló pín ọpọlọ sí méjì, ọpọlọ ti pín iṣẹ́ tán kí ọ̀rọ̀ tó wá wá yàrá gbà. Ní 1968, Norman Geschwind àti Walter Levitsky wo ọpọlọ òkú 100. Ibì kan tó bá ìgbọ́yé ọ̀rọ̀ tan tóbi ju ti ọ̀tún lọ ní òsì nínú 65 wọn. A rò pé àmì ọ̀rọ̀ nìyẹn, àfi ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lára ìnàkí ṣimpansé ní 1998, tó sì rí bẹ́ẹ̀ nínú 17 lára 18. Ìnàkí kì í sọ̀rọ̀, ó sì ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje ọdún tí ìran wa ti yà kúrò lára tiwọn. Lójú tèmi, òsì gba ọ̀rọ̀ mọ́ra nítorí pé òun ló ti ń tò nǹkan ní ìlànà tẹ́lẹ̀. Ìdí míràn tún wà: ọpọlọ ènìyàn tóbi, àkókò díẹ̀ sì ń lọ kí ìròyìn tó gba orí afárá dé òdìkejì. Iṣẹ́ tó yára bí ọ̀rọ̀ kò lè máa sọdá síwá sẹ́yìn. Ó sàn kó jókòó sójú kan.

Ẹ̀rí míràn pé títò ni òsì ń ṣọ́, tí kì í ṣe ariwo ẹnu: àwọn adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, tí ọpọlọ òsì wọn bá fara pa, èdè ọwọ́ wọn á bàjẹ́. Tí ọ̀tún bá fara pa, wọn kò ní lè ya àwòrán ilé dáadáa mọ́, èdè ọwọ́ wọn á sì wà digbí. Ní tàwa tí èdè wa ní ohùn, ẹ wo ọpọlọ tó wà nínú orí àti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò létí omi. Ohùn ló yà wọ́n. Ṣé orin ni ohùn, kó lọ bá ọ̀tún, àbí ọ̀rọ̀ ni? Wọ́n dán an wò lára àwọn ará Thailand ní 1973, àwọn náà èdè olóhùn ni tiwọn. Nínú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ohùn nìkan ló yà á, etí ọ̀tún wọn, tó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ òsì, gbọ́ ọ já ju etí òsì lọ. Lára àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n níbi tó ti ń yí ìtumọ̀ padà, òsì ló ń gbà á.

Àwọn kan ń tà á kiri pé "olọ́pọlọ òsì" ló mọ ìṣirò, "olọ́pọlọ ọ̀tún" ló mọ iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì ń gba owó láti jí ọ̀kan fún yín. Ẹ pa owó yín mọ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Utah ní Amẹ́ríkà yẹ àwòrán ọpọlọ ènìyàn 1,011 wò, wọn kò sì rí ẹnì kan tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan lágbára jù èkejì lọ lára rẹ̀. Iṣẹ́ ló pín. Ènìyàn kò pín.

Ó ku ohun tí ẹ máa ṣe fún bàbá. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má gbára lé "bẹ́ẹ̀ ni" wọn. Tí ẹ bá bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n máa sọ, wọ́n lè má tíì lò ó. Ẹ gbé omi àti ẹ̀kọ síwájú wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ òsì tọ́ka. Ẹ pa rédíò, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀, gbólóhùn kúkúrú, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn. Ẹ má pariwo mọ́ wọn, etí wọn kò di. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ wọn lójú wọn bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń sọ ló ń yé wọn.

Ní ti orin, àwọn oníṣègùn ní Boston sọ ọ́ di ìtọ́jú ní 1973, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé. Ẹ mú gbólóhùn kan tí wọ́n nílò lójoojúmọ́, "mo fẹ́ omi". Ẹ jókòó kọjú sí wọn, ẹ di ọwọ́ òsì wọn mú, kí ẹ máa fi lu itan wọn díẹ̀díẹ̀, ìlù kan fún ohùn kan, kí ẹ sì máa fa gbólóhùn náà bí orin. Kò nílò ohùn orin àjèjì. Ohùn tí ọ̀rọ̀ náà ní fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fà gùn. Ẹ jọ máa kọ ọ́. Nígbà tó bá mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ máa rẹ ohùn tiyín sílẹ̀ títí wọ́n á fi máa dá a kọ, lẹ́yìn náà kí ẹ dín fífà rẹ̀ kù títí á fi di ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ mú un ní gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gba sùúrù, àwọn oṣù àkọ́kọ́ sì ṣe pàtàkì ju ìgbà tó bá ti pẹ́ lọ, nítorí náà ẹ má fi dọ̀la.

Ọmọ yín ọlọ́wọ́ òsì ńkọ́? Ọpọlọ rẹ̀ kò dorí kodò. Nínú 10 ènìyàn, nǹkan bí ẹnì kan ló rí bẹ́ẹ̀, bí àwọn díẹ̀ tó ń yà sódì nínú agbo, nǹkan bí 70 nínú 100 ọlọ́wọ́ òsì ni ọ̀rọ̀ wọn sì wà ní òsì bíi ti bàbá yín. Ti àwọn yòókù wà ní ọ̀tún tàbí ní méjèèjì. Kì í ṣe àṣà burúkú ló kọ́. Peter Hepper ní Belfast wo àwọn ọmọ inú oyún tó ń mu àtàǹpàkò, ó sì padà wá wò wọ́n nígbà tí wọ́n lé lọ́dún 10. Àwọn 60 tó ń mu ti ọ̀tún, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn dà. Nínú 15 tó ń mu ti òsì, 10 di ọlọ́wọ́ òsì. Ní Jámánì, wọ́n tún ya àwòrán ọpọlọ àwọn àgbà tí wọ́n fipá yí lọ́wọ́ padà nígbà èwe. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń kọ̀wé, síbẹ̀ àmì ọlọ́wọ́ òsì ṣì wà lórí ọpọlọ wọn.

Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ẹ sì lè kọ́ ọ kó fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìyẹn ìwà ọmọlúàbí ni, kò pa ọpọlọ lára. Ṣùgbọ́n bíírò àti abẹ́rẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún òsì. Tí olùkọ́ bá ń fi pàṣán lé e, ẹ wọ aṣọ yín kí ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀. Tó bá sì fẹ́ jogún ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ẹ má fún un ní àlùmọ́gàjí yín: ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún, tó bá bọ́ sí òsì, ojú rẹ̀ méjèèjì á máa ya kúrò lára wọn, kò sì ní rí ilà tó ń gé. Àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì wà lọ́jà, òdì ni wọ́n to ojú rẹ̀. Ẹ ra ọ̀kan fún un.